Àwo Mẹ́ta àti Àtàǹpàkò Dúdú ní Ṣómólú

Ojú ọ̀run ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà tí mo gbé báàgì mi kọjá afárá pákó iwájú ilé wa ní Ìgbókòdá. Omi dákẹ́ lábẹ́ afárá. Mo gbàdúrà kúkúrú, mo sì dojú kọ gáréèjì.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó lé mi jáde. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, Mojí, ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ wà ní Kamẹrúùnù lẹ́nu iṣẹ́ ẹja, èmi ni wọ́n fa ọmọ lé lọ́wọ́. Oṣù díẹ̀ ló kù kó gba fíríìdọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ tí ọ̀gá fi ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ pé ó ti mọṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Àlàájà tó ni ilé tí Mojí ń gbé pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

"Ìyá àgbà," ó ní, "mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ wá wo ọmọ yín. Aṣọ dúdú ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń wọ̀. Tó bá ti di ọ̀sán Sọ́ńdè, wọ́n á wọ inú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé mi, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ẹ ó máa gbọ́ ariwo irin, ẹ ó máa gbọ́ ìjà. Tí wọ́n bá wá jáde, àtàǹpàkò gbogbo wọn á ti dúdú. Mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, opó ló ń wọ dúdú, ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló sì ń tẹ àtàǹpàkò. L'Ékòó, wọ́n ní nǹkan méjèèjì lè jẹ́ àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn, ìyẹn àwọn ọmọ tó ń fi àdá àti ìbọn lé ara wọn kiri àdúgbò. Èrò mi ò gùn. N ó lọ mú ọmọ mi wálé, ìbáà gba fíríìdọ̀mù, ìbáà má gbà á. Ọmọ tó bá wà láàyè lè tún iṣẹ́ mìíràn kọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni owó ọkọ̀, wọ́n sì ká wa mọ́ra bí ẹja sísun nínú agbọ̀n. Ọ̀nà Òkìtìpupa dára díẹ̀, àyàfi níbi tí àgbàrá ti jẹ etí títì. Ọ̀rẹ̀ la ti jẹun. Mo ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná. Àkàrà wọn tóbi ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n wọn ò fi edé sí i, iyọ̀ ò sì dé inú rẹ̀. Ẹni tó dàgbà sétí omi á mọ̀ ọ́n lẹ́nu kíá.

Bí a ti tún gbéra, dẹ́rẹ́bà bi mí pé ibo ni mò ń lọ l'Ékòó. Mo ní Ṣómólú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrígà. Ó wo aṣọ mi nínú dígí.

"Ah, Màmá. Búlúù lẹ wọ̀ yẹn o."

"Kí ló ṣe búlúù?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ aṣọ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀tá. Fìlà lásán lè kó èèyàn sí wàhálà."

Obìnrin tó jókòó tì mí pòṣé. "Ẹ yé dẹ́rù bà wọ́n, jàre. Àbúrò mi ti ń gbé Ladi-Lak ní Bàrígà níbẹ̀ ọjọ́ pẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Ṣé àbúrò yín ń dé fìlà ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Mo na ìborùn mi bo èjìká, bíi pé ìyẹn lè pa búlúù rẹ́.

A gba Ìjẹ̀bú-Òde, a gba Ṣàgámù, a dé Òjòta nígbà tí oòrùn ti kúrò láàárín orí. Mo wọ ọkọ̀ mìíràn dé Onípáànù. Níbẹ̀ ni mo ti wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní márúwá. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi wọ inú Ṣómólú lọ.

Ṣé ẹ mọ bí òórùn ẹja ṣe máa ń kọ́kọ́ pàdé àlejò ní ìlú wa? Íǹkì àti kẹrosíìnì ló ń pàdé àlejò ní Ṣómólú. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Àwọn ọkùnrin ń ti ọmọlànkè tó kún fún bébà. Wọ́n fi okùn sá ìwé ìkéde òkú, kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó àti àwòrán àwọn òṣèlú, gbogbo wọn ń wo èèyàn lójú bó ti ń kọjá. Ìró ẹ̀rọ ò dúró. Ó ń gbá ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń gbá àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo bi ara mi pé báwo ni ọmọ tó dàgbà lórí omi ṣe ń sùn níbí.

Mojí sáré jáde wá pàdé mi. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi. Aṣọ dúdú ló wọ̀ lóòótọ́. Àwòrán àkàbà kan wà láyà rẹ̀, àkàbà tí ìgbẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti kán tán. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń kí i, mo yí i padà. Íǹkì wà nínú ìlà àtàǹpàkò rẹ̀.

Mo wẹ̀, mo jẹun, mo sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo, ara tó ti balẹ̀ ló ń gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo bi í.

"Kí lẹ ń tẹ̀ níbẹ̀, Mojí?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájà ló pè yín! Màmá, orin ni. Orin lásán."

"Ta ló ń tilẹ̀kùn gbọ́ orin?"

"Lọ́la, ẹ máa bá wa jókòó. Ẹ ó fojú ara yín rí i."

Mo fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n àyà mi kọ̀. Ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ burúkú, ẹ̀rín náà ni yóò fi dáhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlàjẹ, ìyẹn àdúgbò àwọn èèyàn wa létí ọ̀sà ní Bàrígà. Mo gbọ́ èdè wa lẹ́nu ọmọ tí kò dé Ìgbókòdá rí, inú mi sì dùn díẹ̀. Ẹja wọn wọ́n ju tiwa lọ, èéfín rẹ̀ ò sì dé egungun. A fẹsẹ̀ rìn padà gba Ladi-Lak.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò fẹ́ rí. Wọ́n ti mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi mélòó kan jókòó sílẹ̀ nínú eruku, wọ́n bọ́ aṣọ wọn, ọwọ́ wọn wà lórí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò dúró tì wọ́n pẹ̀lú kóńdó àti àdá. Wọ́n ń yẹ ẹ̀yìn wọn wò, wọ́n ń yẹ apá wọn wò, wọ́n ń wá àmì. Obìnrin kan tó jọ ẹgbẹ́ mi ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń pe orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mojí fà mí lọ́wọ́. "Ẹ má wò, Màmá. Ẹ máa bọ̀."

Mo wo àtàǹpàkò rẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Láti ibẹ̀ dé ilé, mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán, ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wọn kì í ṣiṣẹ́ Sọ́ńdè, ó sì gbà wọ́n láàyè. Wọn ò ju mẹ́sàn-án lọ, gbogbo wọn wọ dúdú, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n gbé àga fún mi. Ẹnìkan wá ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Ẹgbẹ́ olórin òyìnbó kan ni gbogbo wọn fẹ́ràn. Orúkọ wọn wúwo lẹ́nu mi, nítorí náà n ó pè wọ́n ní Àwọn Onírin. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin náà, orin gìtá aláriwo. Ṣùgbọ́n ìlù nìkan kọ́ ni àwọn yìí ń lù, ìró ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: irin, ayùn, jẹnẹrétọ̀. Àwo mẹ́ta ni wọ́n ti gbé jáde. Àwo yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń jẹun, àkójọ orin ni, bíi rẹ́kọ́ọ̀dù ayé ìgbà tiwa. Àwòrán tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pè é: Àkàbà, Ajá, àti Òfìfo, tó jẹ́ pé dúdú lásán ni. Wọ́n máa ń jiyàn lórí èyí tó dára jù. Bí iyàn bá parí, wọ́n á dìbò. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìtẹ̀wé, íǹkì ló sún mọ́ wọn jù. Wọ́n á ki àtàǹpàkò bọ íǹkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí àwòrán àwo tí wọ́n yàn wà lára rẹ̀.

Mo ní, "Ìyẹn nìkan?"

Mojí ní, "Ìyẹn nìkan, Màmá."

Wásíù ló kọ́kọ́ dìde, ọmọ gíga kan tó ń gé bébà. "Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àkàbà ni! Kó tó di pé Àkàbà jáde, ta ló mọ̀ wọ́n? Ẹ gbọ́ ìlù ẹ̀. Irin ń lu irin! Bíi pé wọ́n gbé ẹ̀rọ wa yìí sórí ìtàgé."

"Jókòó jàre!" Chídì ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Íbò tí wọ́n bí ní Bàrígà, tí Yorùbá ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi. "Tó bá jẹ́ ariwo irin lò ń wá, lọ dúró ti jẹnẹrétọ̀ Àlàájà. Ọ̀fẹ́ ni. Ajá ni àwo tó ní ọpọlọ. Àkàbà yẹn, ọmọdé ló ń gùn ún."

"Ta lò ń pè lọ́mọdé? Ìwọ tí mo kọ́ lórúkọ wọn!"

"O kọ́ mi lórúkọ wọn, o ò wá kọ́ ara ẹ létí."

Wọ́n hó yèè. Mojí wá dìde, mo rí ìyá rẹ̀ nínú bó ṣe fọwọ́ mú ìbàdí.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ariwo lẹ mọ̀. Òfìfo ni. Ó ní ibì kan tí gbogbo ẹ̀rọ ti máa dákẹ́, tẹ́ ẹ máa wá gbọ́ èémí ọkùnrin yẹn nìkan. Ta ló tún lè ṣe irú ẹ̀?"

"Ẹni tó bá ń sùn!" ni Chídì fi dá a lóhùn.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Mojí ju bébà lù ú.

Wọ́n wá fi orin sí i fún mi. N ó sọ òótọ́, ó bà mí lẹ́rù. Àkàbà dún bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó fọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lágbami. Mo di àga mú. Nínú Ajá, ariwo ò kéré, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin kan ń tẹ̀ lé irin náà, bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀ létí omi. Mo rí ibi dì mú. Òfìfo ló burú jù. Ó dà bí ilé tí o kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tí o ń gbọ́ tí ẹnìkan ń mí nínú rẹ̀, tí kò sì dáhùn. Mo wo ọmọ mi, ó pa ojú dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n tẹ̀ka tán, ó ku èmi. Mo ní kí ni mo mọ̀ níbẹ̀. Wásíù ní, "Etí la fi ń gbọ́ ọ, Màmá, ẹ sì ní méjì." Mo rò ó bí ẹni ń ra ẹja lọ́jà: èyí tí mo lè gbé délé ni n ó mú. Mo ki àtàǹpàkò bọ íǹkì, mo tẹ Ajá.

"Màmá!" Mojí figbe ta. "Ẹ̀yin náà? Èmi ọmọ yín!"

Chídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá Ajá wa! Ẹ ó pẹ́ fún wa!"

Mo ní, "Má pè mí bẹ́ẹ̀ níta o."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí nǹkan gbá ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ọwọ́. Igi ni.

"Ẹ ṣí i! Ẹ ṣí i kí n tó fọ́ ọ!"

Ojú gbogbo àwọn ọmọ náà yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, bí ẹ̀rín ṣe ń kú lójú ọmọ mẹ́sàn-án. Wásíù ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kan wọlé, irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀, mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Sọ́jà ni wọ́n ń pè é, olórí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò náà. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Òun ló di àdá mú ní Ladi-Lak láàárọ̀ yẹn. Àdá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ na ọwọ́ síta," ni Sọ́jà wí.

Wọ́n nà án. Àtàǹpàkò dúdú mẹ́sàn-án. Ẹni tó di àdá mú ti gbá bẹ́líìtì Wásíù mú. Ẹlòmíì kó àwọn bébà tó wà lórí tábìlì, ó gbé èyí tó dúdú pátá sókè, òǹtẹ̀ ọwọ́ ń dán lára rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ìmùlẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká kó wọn jáde."

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè kó wọn jáde sínú eruku, pẹ̀lú aṣọ dúdú wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ àwo. Mo fi ọwọ́ ti ara mi dìde, mo na ọwọ́ tèmi náà.

Sọ́jà wo ọwọ́ mi. Ó wo ojú mi.

"Màmá. Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin náà bá wọn mulẹ̀?"

"Bó bá jẹ́ ìmùlẹ̀ ni, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba àwọn bébà yẹn, kẹ́ ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ wò."

Kò fẹ́ ṣe é. Mo dúró. Arúgbó tó bá dúró, ó ṣòro láti tì í. Ó gba bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tẹ́ wọn sórí ẹ̀rọ.

Mo ní, "Ẹ ti mú ẹgbẹ́ òkùnkùn rí. Ṣé wọ́n máa ń pín sọ́nà mẹ́ta lórí ohun tí wọ́n fi ń búra? Ọmọ-ọmọ mi tẹ dúdú yẹn. Èmi tẹ ajá. Ọmọ tẹ́ ẹ dì mú yẹn tẹ àkàbà. Ìdìbò ni. Orin ni wọ́n ń dìbò fún."

Mojí, tí omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, ló sọ̀rọ̀. "Sà, ohun tí mo ṣe ń bínú sí wọn nìyẹn. Wọ́n dìbò fún Ajá, Ajá ò sì tó nǹkan kan!"

Bí ọmọ ṣe ń sunkún tó tún ń jiyàn, n kò mọ̀ bóyá kí n gbá a lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n Sọ́jà yíjú sí i.

"Èwo ni tìẹ? Fi sí i."

Ó fi Òfìfo sí i. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà dúró pẹ̀lú kóńdó àti àdá, wọ́n ń gbọ́. Irin gbá, irin gbá, ó wá dákẹ́. Èémí nìkan ló kù.

"Ó ti bàjẹ́?" ni Sọ́jà bi í.

"Rárá, sà. Ó ń mí ni."

"Òyìnbó ń mí, ẹ wá ń tẹ̀ka fún un?"

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ẹni tó di Wásíù mú tú ọwọ́. Mo jókòó.

Ṣùgbọ́n Sọ́jà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ́ títí. "Mo ti mọ̀ yín báyìí. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́. Ẹ má wọ aṣọ yìí kọjá Ladi-Lak. Àwọn ọmọ tèmi yìí ò mọ rọ́ọ̀kì, àdá ni wọ́n mọ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá tẹ̀ lé wọn ńkọ́?" Ó yíjú sí mi, ó tẹrí ba díẹ̀, wọ́n sì lọ.

Àlàájà wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti di ògiri mú. Òun ló ti sọ fún Sọ́jà kí n tó dé. Kò sẹ́ ẹ. "Mo rò pé mo fẹ́ gbà wọ́n là ni, Ìyá àgbà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn?"

Wásíù ló dá a lóhùn. "Torí ìrun yín ni, Àlàájà. Mojí ló ní ká máa tì í kí ariwo má bàa dí yín lọ́wọ́."

Àlàájà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì fi gèlè bo ojú.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mojí kó aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé mo sọ fún un. "Tẹ́ ẹ bá ní kí n bá yín lọ, Màmá, mo máa bá yín lọ." Kò wo ojú mi.

Mo rò ó títí. Ní Ìgbókòdá, kò sí ẹni tí yóò gbé àdá wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn lórí èémí ọkùnrin kan, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fi parí iṣẹ́ tó ti mọ̀ dé ọrùn ọwọ́. Mo bá a ká aṣọ náà padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn dúdú, mo ní inú ilé nìkan ni kó ti máa wọ̀ wọ́n. Ó ní ó ti gbọ́.

Mo gbéra ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ajé. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n òjò rọ̀ láti Ṣàgámù dé Ọ̀rẹ̀, ọkọ̀ wa sì fi ẹ̀sọ̀ rìn. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn omi ìlú wa.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ lórí fóònù nítorí ọmọ rẹ, lọ. Jókòó níbi tó ń jókòó kí o tó mú un kúrò níbẹ̀. Mo ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ara mọ̀ ọ́n.

Mi ò tíì bọ́ bàtà nígbà tí ìyá Mojí pè láti Kamẹrúùnù. Afẹ́fẹ́ ń dà láàrin ọ̀rọ̀ wa. Ó bi mí bóyá ọmọ òun wà lọ́dọ̀ mi, mo ní kò sí, Ṣómólú ni mo fi í sí. Ó wá ní, "Màmá, ṣé kò séwu níbẹ̀?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Ewu wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọmọ rẹ ló wà."